Ìlú Méje Láàárín Ọjọ́ Mẹ́wàá ní Ìlú Ọba: Ṣé Orúnkún Bàbá Yóò Gbà Á?

“Tíṣà ni mí kí n tó fẹ̀yìntì. Mo ti pé ọmọ ọdún 67, ọkọ mi sì jẹ́ ẹni ọdún 72. Ìbàdàn là ń gbé. Ọmọ wa obìnrin tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ní ká wá lo oṣù kan lọ́dọ̀ òun. Nínú oṣù náà, ó ti ya ọjọ́ mẹ́wàá sọ́tọ̀ fún wa láti lọ wo ìlú àtijọ́ méje: Canterbury, Oxford, Stratford, Bath, Lincoln, York àti Durham. Iṣẹ́ kò ní jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ bá wa lọ. Orúnkún ọ̀tún ń yọ ọkọ mi lẹ́nu, àmọ́ kò fẹ́ kí n sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀rẹ́ wa kan ní ká kúkú háyà mọ́tò. Ẹlòmíì ní àgbàlagbà kì í sanwó ọkọ̀ lọ́hùn-ún. Kí ni ká ṣe, oṣù wo ló sì dáa jù?”

Ẹ kú ìmúra ìrìn-àjò o, Mà. Lẹ́tà yín fi hàn pé ẹ̀rù jíjìn ọ̀nà ló ń bà yín, ṣùgbọ́n ọ̀nà kọ́ ni ìṣòro. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò tóbi. Láti Lọ́ńdọ̀nù dé York lé díẹ̀ ní 300 kìlómítà, ọkọ̀ ojú irin sì ń rìn ín ní nǹkan bíi wákàtí méjì, tí ẹ jókòó jẹ́ẹ́ tí ẹ ń wo pápá àgùntàn lójú fèrèsé. Ohun tí yóò tán Bàbá lókun ni kíkó ẹrù jáde àti kíkó o wọlé lẹ́ẹ̀méje, àtẹ̀gùn ilé àtijọ́ tí kò ní lífítì, àti òkúta gbágungbàgun tí wọ́n fi tẹ́ ojú pópó. Tí ẹ bá pín ọjọ́ mẹ́wàá sí ìlú méje, tí ẹ yọ wákàtí inú ọkọ̀ àti ti ibùdókọ̀ kúrò, ìlú kọ̀ọ̀kan kò ní rí ju ìwọ̀nba wákàtí márùn-ún tàbí mẹ́fà gbà. Fọ́tò lẹ máa yà níbẹ̀, ẹ ò ní rí ìlú. Èrò tèmi ni pé kí ẹ yọ ìlú méjì kúrò, kí ẹ sì mú ojúkò méjì péré: ilé ọmọ yín ní Lọ́ńdọ̀nù, àti yàrá kan ní York. Láti ojúkò wọ̀nyí lẹ óò ti máa jáde láàárọ̀ pẹ̀lú báàgì ọwọ́ nìkan, tí ẹ óò sì padà sùn sórí bẹ́ẹ̀dì tí ẹ ti mọ̀.

Kí ẹ tó mọ ìlú tí ẹ óò yọ, ẹ bi ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn pé kí ló gbé e dé ibi tó wà. Ìdáhùn rẹ̀ ni yóò sọ ohun tí ojú orúnkún máa rí níbẹ̀. Àwọn ọmọ ogun Róòmù ló tẹ York dó ní ọdún 71, níbi tí odò Ouse àti odò Foss ti pàdé, nítorí ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi ń kó oúnjẹ àti ohun ìjà. Ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú. Canterbury wà létí odò Stour, òun náà tẹ́jú. Oxford àti Stratford jẹ́ ibi tí àwọn ará àtijọ́ ti ń la odò kọjá lẹ́sẹ̀. Orúkọ Oxford gan-an ń sọ fún wa pé màlúù ló ń gba ibẹ̀ la odò. Ibi tí màlúù bá lè gbà, orúnkún yóò gbà á. Lincoln àti Durham ló yàtọ̀, nítorí ààbò ni àwọn tó kọ́ wọn ń wá, orí òkè ni wọ́n sì gbà lọ. Bath bọ́ sáàárín: inú àfonífojì ni omi gbígbóná rẹ̀ ti ń sun jáde, àmọ́ ara gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè ni àwọn olówó ìgbà ọdún 1700 sí 1800 kọ́ ilé wọn sí.

Àṣìṣe kan wà tí àwọn arìnrìn-àjò tí orúnkún ń dùn máa ń ṣe ní irú ìlú olókè bẹ́ẹ̀. Wọ́n á ní àwọn á gun takisí gòkè, àwọn á sì rọra fẹsẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, bí ẹni pé ìsọ̀kalẹ̀ rọrùn ju ìgòkè lọ. Fún ẹ̀dọ̀fóró, ó rọrùn. Fún orúnkún, ìsọ̀kalẹ̀ ló burú jù, torí gbogbo ìwúwo ara ló ń já lu oríkèé náà ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan, iṣan itan sì ní láti máa fà á padà kí ẹsẹ̀ má baà yọ̀. Ní Lincoln, títì kan wà tí orúkọ rẹ̀ gan-an túmọ̀ sí òkè tó dúró ṣánṣán, Steep Hill. Níbi tó ga jù, bí ẹ bá rìn mítà méje síwájú ẹ óò ti gòkè tó mítà kan. Òkúta ni ojú ọ̀nà rẹ̀, òjò sì máa ń sọ òkúta náà di ọṣẹ. Ọ̀pá ìdìmú wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ apá kan, àmọ́ ẹ má tìtorí ìyẹn gbìyànjú rẹ̀. Takisí lọ, takisí bọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ tú ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ọ̀fẹ́ palẹ̀. Òótọ́ ni pé àgbàlagbà ń wọ bọ́ọ̀sì lọ́fẹ̀ẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àmọ́ olùgbé ibẹ̀ ni òfin náà wà fún. Ìjọba ìbílẹ̀ ẹni ló ń fúnni ní káàdì rẹ̀, ẹ̀rí àdírẹ́sì ilé sì ni wọ́n fi ń gbà á. Àlejò tó wá lo oṣù kan kò sí lára wọn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ẹni 90 ọdún. Ìyẹn kò ba nǹkan jẹ́ púpọ̀: lẹ́yìn odi Lọ́ńdọ̀nù, ìjọba ti fi ààlà sí owó bọ́ọ̀sì alọ-nìkan lórí ọ̀pọ̀ ojú ọ̀nà, kò gbọdọ̀ ju £3 lọ fún ẹnì kan ní báyìí. Ti ọkọ̀ ojú irin ló yàtọ̀. Níbẹ̀, káàdì ẹ̀dínwó wà tí àlejò náà lè rà, kò sí ẹni tí yóò béèrè ibi tí ẹ ń gbé.

Oríṣi méjì nínú káàdì wọ̀nyí ló kàn yín, £35 sì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ọdún kan. Senior Railcard jẹ́ ti ẹnikẹ́ni tó bá ti pé 60, ẹnì kan ní tirẹ̀, nítorí náà ẹ̀yin méjèèjì yóò san £70. Two Together jẹ́ káàdì kan ṣoṣo tó gbé orúkọ àti fọ́tò ẹni méjì, £35 péré fún ẹ̀yin méjèèjì. Àwọn méjèèjì ń yọ ìdá kan nínú mẹ́ta kúrò nínú owó tíkẹ́ẹ̀tì. Two Together ni kí ẹ rà. Ó ní ìkálọ́wọ́kò méjì: ẹ̀yin méjèèjì gbọ́dọ̀ jọ wà nínú ọkọ̀, kò sì ṣiṣẹ́ kí aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ àárọ̀ tó lù láti Ọjọ́ Ajé dé Ọjọ́ Ẹtì. Tọkọtaya tó ti fẹ̀yìntì, tí kò sí ọ̀gá tó ń dúró dè yín, kí lẹ fẹ́ fi ọkọ̀ aago méje ṣe? Bí àpapọ̀ owó tíkẹ́ẹ̀tì ẹ̀yin méjèèjì bá ti dé £105 kí wọ́n tó yọ ẹ̀dínwó, káàdì náà ti san owó ara rẹ̀ padà. Àlọ àti àbọ̀ York nìkan lè ṣe é.

Lẹ́yìn káàdì ni tíkẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀, ibẹ̀ sì ni owó ti ń já bọ́ lọ́wọ́ àlejò jù. Èyí tí wọ́n ń pè ní Advance ló pọ́ọ́kú jù. Wọ́n máa ń gbé e jáde ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjìlá ṣáájú, ó sì ń wọ́n sí i bí ọjọ́ ṣe ń súnmọ́. Ọkọ̀ kan pàtó, aago kan pàtó, ni ó wà fún. Bí ọkọ̀ yín àkọ́kọ́ bá pẹ́ tí ẹ kò sì bá èkejì mọ́, ẹ̀bi wọn nìyẹn, wọ́n á jẹ́ kí ẹ wọ èyí tó tẹ̀ lé e. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ pẹ́ nílé, tíkẹ́ẹ̀tì náà ti di bébà, ẹ óò ra òmíràn ní iye ọjọ́ náà, èyí tó lè ju ìlọ́po méjì lọ. Off-Peak wọ́n díẹ̀ ju Advance lọ, àmọ́ ẹ lè wọ ọkọ̀ èyíkéyìí tó bá ń lọ lẹ́yìn wákàtí tí èrò máa ń pọ̀. Fún ìrìn tó jìn, bíi Lọ́ńdọ̀nù sí York, ẹ ra Advance, kí ọmọ yín sì yan àga tó ní tábìlì tí kò jìnnà sí ẹnu ọ̀nà. Fún ìrìn àárọ̀-lọ-alẹ́-bọ̀, ẹ ra Off-Peak alọ-àtàbọ̀, torí ẹ ò mọ ìgbà tí orúnkún máa ní ó tó gẹ́ẹ́. Orí ìkànnì ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin gan-an ni kí ẹ ti rà á, kò sí owó iṣẹ́ lórí rẹ̀ bíi ti àwọn alágbàtà kan. Ẹ yẹra fún Ọjọ́ Àìkú tí ẹ bá lè ṣe é. Ọjọ́ yẹn ni wọ́n máa ń tún irin ṣe, ẹ sì lè bá ara yín nínú bọ́ọ̀sì tí wọ́n fi dípò ọkọ̀ ojú irin, kí ìrìn wákàtí kan di mẹ́ta.

Ti mọ́tò tí ọ̀rẹ́ yín ní kẹ́ ẹ háyà ńkọ́? Ó ní àǹfààní fún ẹni tó bá fẹ́ wo àwọn abúlé kéékèèké tí ọkọ̀ ojú irin kò dé. Fún àwọn ìlú tí ẹ kọ sílẹ̀ yìí, ẹrù ni. Òfin gbà pé kí àlejò fi láísẹ́ǹsì Nàìjíríà wakọ̀ níbẹ̀ fún ọdún kan. Ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì ni wọ́n ń gbà níbẹ̀, Nàìjíríà sì ti bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tún láti ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972, ìgbà tí Bàbá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń di géńdé. Oríta roboto ni yóò kọ́kọ́ dẹ́rù bà á: ẹni tó ń bọ̀ lápá ọ̀tún ni yóò jẹ́ kó kọjá, yóò sì yí lọ sí apá òsì. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń háyà mọ́tò kan kì í gbé e fún ẹni tó bá ti lé ní 75, àwọn mìíràn ń gba àfikún owó lọ́wọ́ àgbàlagbà. Yàtọ̀ sí èyí, ìlú àtijọ́ kò fẹ́ mọ́tò rárá. Durham ti ń gbowó lọ́wọ́ ẹni tó bá gbé mọ́tò gun orí òkè kàtídírà láti ọdún 2002, ọdún kan kí Lọ́ńdọ̀nù tó bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀. Ní York, àárín ìlú di ti ẹlẹ́sẹ̀ láti nǹkan bí aago mẹ́wàá ààbọ̀ àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ẹ óò gbé mọ́tò sí ẹ̀yìn odi, ẹ óò wọ bọ́ọ̀sì wọlé. Ọ̀kan náà ni pẹ̀lú ọkọ̀ ojú irin, àfi pé ẹ ti sanwó mọ́tò, ti epo, ti ìnṣọ́ránsì àti ti ibi ìgbọ́kọ̀sí.

York ni mo fẹ́ kí ẹ fún ní òru mẹ́rin. Kò sí ìlú mìíràn nínú méje yẹn tí àgbàlagbà lè rìn tó bẹ́ẹ̀ láìgun òkè. Láti ibùdókọ̀ dé kàtídírà, tí wọ́n ń pè ní Minster, kò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ogún lọ fún ẹni tó ń rọra rìn. Orúkọ ibẹ̀ máa ń dà àlejò láàmú: àwọn Viking, jagunjagun orí omi láti àríwá Yúróòpù tó jọba níbẹ̀ láyé àtijọ́, ló fi èdè wọn sílẹ̀, nítorí náà “gate” nínú orúkọ títì York túmọ̀ sí títì lásán, “bar” ló sì ń jẹ́ ẹnubodè. Tí ẹ bá rí Monk Bar tàbí Bootham Bar lórí àwòrán ilẹ̀, kì í ṣe ilé ọtí o, ẹnubodè odi ìlú ni, gẹ́gẹ́ bí Ìbàdàn ṣe ní tirẹ̀ láyé ogun. Odi òkúta náà ṣì wà, ó gùn tó kìlómítà mẹ́ta ó lé, òkè rẹ̀ ṣeé rìn lọ́fẹ̀ẹ́. Ibi tí ẹwà rẹ̀ pọ̀ jù ni láàárín Bootham Bar sí Monk Bar, níbi tí ẹ óò ti máa wo ẹ̀yìn Minster àti ọgbà rẹ̀. Àmọ́ àtẹ̀gùn tí wọ́n fi ń gùn ún tóóró, ó ga, ibòmíràn kò sì ní ohun ìdìmú lápá inú. Kí Bàbá wo àtẹ̀gùn náà dáadáa kó tó gbẹ́sẹ̀ lé e. Tí kò bá wù ú, ẹ rìn lábẹ́ odi, ògo rẹ̀ hàn láti ìsàlẹ̀ náà.

Minster fúnra rẹ̀, nǹkan bí ọdún 1220 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ èyí tó wà lónìí, ọdún 1472 ni wọ́n sì tó yà á sí mímọ́ pé ó parí. Ẹ jókòó síwájú fèrèsé ńlá tó wà ní ìlà-oòrùn. Láàárín ọdún 1405 sí 1408 ni John Thornton fi gíláàsì aláwọ̀ ṣe é, ìṣẹ̀dá ayé láti inú Jẹ́nẹ́sísì ló wà lókè, ìran Ìfihàn ló sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Tíṣà bíi tiyín yóò gbádùn kíka àwòrán náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ mú awò amú-nǹkan-súnmọ́ kékeré dání. Ilé ìṣọ́ àárín ní àtẹ̀gùn 275, ẹ fi í sílẹ̀ fún àwọn ọmọdé. Wọ́n ń gbowó ìwọlé. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ àlejò kò mọ̀: ìsìn Àdúrà Ìrọ̀lẹ́ tí ẹgbẹ́ akọrin ń kọ kì í gbowó, ní York àti ní gbogbo kàtídírà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bíi ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta ni, ẹ lè rí àyè jókòó nítòsí àwọn akọrin gan-an, tí ohùn yóò máa gba òkúta lọ sókè. Ẹni tó bá wá jọ́sìn nìkan kò ní kí ó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Fún orúnkún tó ti rìn láti àárọ̀, kò sí ìsinmi tó dára jù ú lọ. Ẹ wo aago rẹ̀ lórí ìkànnì kàtídírà lọ́jọ́ náà, torí ọjọ́ mìíràn kì í sí akọrin.

Títì àwọn alápatà, Shambles, ni gbogbo ayé ń lọ yàwòrán níbẹ̀. Ilé onígi ni, òkè wọn yọrí síta débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn, pẹpẹ àti ìkọ́ tí wọ́n fi ń gbé ẹran kọ́ sì ṣì wà lára àwọn kan. Ó kéré gan-an. Ẹ dé ibẹ̀ kí aago mẹ́wàá àárọ̀ tó lù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ̀yìn orí ènìyàn lẹ óò rí. Ilé àkójọ ọkọ̀ ojú irin, National Railway Museum, wà lẹ́yìn ibùdókọ̀, ọ̀fẹ́ ni, ó tẹ́jú, ìjókòó pọ̀. Ọjọ́ òjò ni kí ẹ fi í pa mọ́ fún.

Láti York, Durham kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 50 lọ nínú ọkọ̀. Ẹ jókòó sápá tí ẹ óò ti lè wo ìlú nígbà tí ọkọ̀ bá gun afárá gíga wọlé: kàtídírà àti ààfin olódi lórí àpáta, tí odò Wear fẹ́rẹ̀ẹ́ yí ká tán. Àwọn mọ́ńkì tó ń gbé òkú Cuthbert Mímọ́, bíṣọ́ọ̀bù ìgbàanì kan, sá fún àwọn Viking ló fìdí ibẹ̀ kalẹ̀. Kàtídírà tó dúró lónìí bẹ̀rẹ̀ ní 1093. Ẹ gba takisí láti ibùdókọ̀ gòkè. Ìwọlé kàtídírà jẹ́ ọ̀fẹ́, ohun tí ọkàn yín bá ní ni ẹ fi sínú àpótí. Ibojì Cuthbert wà lẹ́yìn pẹpẹ gíga, ti Bede, àlùfáà tó kọ ìtàn ìjọ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, wà ní òdìkejì ilé náà.

Ti Lincoln le ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí láti York, ẹ sábà máa ń ní láti sọ̀ kí ẹ tún wọ ọkọ̀ mìíràn lọ́nà. Ohun tó yẹ fún ìyọnu náà ni àwọn nǹkan méjì tó kọjú sí ara wọn lórí òkè: kàtídírà tí ṣóńṣó orí rẹ̀ sọ ọ́ di ilé tó ga jù láyé láti ọdún 1311 títí ìjì fi wó o ní 1548, àti ààfin olódi níbi tí wọ́n tọ́jú ọ̀kan nínú ẹ̀dà mẹ́rin tó ṣẹ́ kù nínú Magna Carta ọdún 1215, ìwé tí ọba Gẹ̀ẹ́sì fi gbà pé òfin de òun náà. Lífítì wà tó ń gbéni dé orí odi ààfin náà. Mo fi Lincoln sí ipò “bí ara bá gbà”. Ẹ má ra tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ títí di àṣálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú.

Canterbury ni mo máa fi ṣáájú gbogbo wọn, lẹ́yìn tí ẹ bá ti sinmi bí ọjọ́ méjì sí mẹ́ta. Láti ibùdó St Pancras ní Lọ́ńdọ̀nù, ọkọ̀ tó ń sáré dé Canterbury West ní nǹkan bíi wákàtí kan. Àlejò ibẹ̀ máa ń lọ wo ibi tí wọ́n ti pa Tọ́másì Becket, bíṣọ́ọ̀bù àgbà Canterbury, ní ọjọ́ 29 oṣù kejìlá ọdún 1170, àti àtẹ̀gùn tí ẹsẹ̀ àti eékún àwọn arìnrìn-àjò ẹ̀sìn ti jẹ di kòtò. Ṣùgbọ́n fún ẹni tó ń ka Bíbélì Yorùbá, ìdí mìíràn wà. Nínú kàtídírà yìí ni wọ́n ti fi Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣoògùn tí wọ́n kó lẹ́rú ní ọmọdé, jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní ọjọ́ 29 oṣù kẹfà ọdún 1864. Ní 2014, tí ó pé 150 ọdún, wọ́n ṣe ìsìn ìdúpẹ́ lórí rẹ̀ níbẹ̀ kan náà. Ẹ mọ̀ pé inú kàtídírà yìí ń gòkè ní ìpele-ìpele, àtẹ̀gùn pọ̀ láti ibi tí ìjọ ń jókòó dé ibi pẹpẹ. Ẹ bi òṣìṣẹ́ ẹnu ọ̀nà nípa ọ̀nà tí kò ní àtẹ̀gùn. Wọ́n máa ń tì í fún àlejò lọ́jọ́ tí yunifásítì bá ń gboyè jáde níbẹ̀, nítorí náà ẹ yẹ ìkànnì wọn wò kẹ́ ẹ tó kúrò nílé.

Láàárín Oxford àti Bath, Bath ni kí ẹ mú, kí ẹ sì fi ọjọ́ kan tàbí méjì sí i lẹ́yìn tí ẹ bá ti padà láti York sinmi ní Lọ́ńdọ̀nù. Nǹkan bíi wákàtí kan ààbọ̀ ni láti ibùdókọ̀ Paddington ní Lọ́ńdọ̀nù. Omi 46 dígírì Sẹ́síọ́ọ̀sì ń tú jáde láti inú ilẹ̀ lójoojúmọ́, ó ju mílíọ̀nù kan lítà lọ, nínú ilé ìwẹ̀ tí àwọn ará Róòmù kọ́. Ẹ kò lè wẹ̀ nínú rẹ̀, wíwò ni. Ilé ìwẹ̀ òde òní tó ń lo omi náà wà nítòsí fún ẹni tó bá fẹ́ rẹ orúnkún sínú rẹ̀. Royal Crescent, ọgbọ̀n ilé tí wọ́n tò bí oṣù tuntun láàárín 1767 sí 1774, wà lókè, takisí ni. Oxford tẹ́jú, ó sì dùn, àmọ́ kọ́lẹ́jì púpọ̀ níbẹ̀ kì í ṣílẹ̀kùn fún àlejò títí di ọ̀sán, ìgbà ìdánwò tilẹ̀ tún burú jù. Ó sún mọ́ Lọ́ńdọ̀nù, wákàtí kan péré; ọmọ yín lè mú yín lọ lọ́jọ́ Sátidé kan. Stratford ni kí ẹ yọ pátápátá. Ilé tí wọ́n bí Shakespeare sí àti ibojì rẹ̀ dára, àmọ́ láti Lọ́ńdọ̀nù ó lè gbà ju wákàtí méjì lọ, ẹ sì sábà máa ń pààrọ̀ ọkọ̀.

Oṣù tí mo fẹ́ràn fún yín ni ìdajì kejì oṣù karùn-ún títí dé ìparí oṣù kẹfà, tàbí oṣù kẹsàn-án. Ní oṣù kẹfà, oòrùn kì í wọ̀ ní York títí di nǹkan bí aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ alẹ́. Ní oṣù kejìlá, oòrùn ti wọ̀ kí aago mẹ́rin tó lù, odò Ouse sì máa ń kún bo etí bèbè. Láti ìparí oṣù keje dé ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án, ọmọ ilé ìwé wà nílé, gbogbo nǹkan wọ́n. Àǹfààní kékeré kan tún wà: láti Àìkú tó gbẹ̀yìn oṣù kẹta dé Àìkú tó gbẹ̀yìn oṣù kẹwàá, aago Lọ́ńdọ̀nù àti ti Ìbàdàn dọ́gba, ẹ ò ní láti yí oorun padà. Ẹ mú súẹ́tà dání o, oṣù kẹfà tiwọn kì í ṣe tiwa.

Nípa ilé ìtura, ìṣọ́ra pọ̀ níbẹ̀. Ilé àtijọ́ tó rẹwà ní fọ́tò, òfin ìdáàbòbò ilé àtijọ́ kì í sábà jẹ́ kí onílé fi lífítì sí i. Yàrá yín lè wà ní àjà kẹta, tí àtẹ̀gùn rẹ̀ tóóró bíi ti ilé ìṣọ́, kí balùwẹ̀ sì jẹ́ èyí tí ẹ óò ní láti gbé ẹsẹ̀ gíga wọ inú agbada rẹ̀ kẹ́ ẹ tó wẹ̀. Ẹ bèèrè ohun mẹ́ta kí ẹ tó sanwó: ṣé lífítì wà, ṣé àtẹ̀gùn wà lẹ́nu ọ̀nà, ṣé ibi ìwẹ̀ tí a ń rìn wọ̀ tààrà ni? Òtẹ́ẹ̀lì ńlá tí kò lẹ́wà lẹ́bàá ibùdókọ̀ York sàn fún yín ju ilé àtijọ́ ẹlẹ́wà lẹ́bàá Minster.

Ọ̀rọ̀ ìlera kì í ṣe ohun tí ẹ máa fojú fò. Ìtọ́jú pàjáwìrì lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn ìjọba jẹ́ ọ̀fẹ́ fún gbogbo ènìyàn, àmọ́ bí wọ́n bá ti dá àlejò dúró lórí bẹ́ẹ̀dì, ìlọ́po kan àti ààbọ̀ iye tó ń ná ìjọba ni wọ́n ń gbà, gbèsè tó bá sì dé £500 tí a kò san lè ba físà ọjọ́ iwájú jẹ́. Ẹ ra ìnṣọ́ránsì ìrìn-àjò nílé, kí ẹ sì sọ orúnkún Bàbá àti ẹ̀jẹ̀ ríru tí ó bá wà, nítorí ohun tí ẹ bá fi pa mọ́ ni wọ́n á fi kọ̀ láti sanwó. Ẹ kó oògùn sínú báàgì ọwọ́, nínú páálí tí wọ́n fi tà á, pẹ̀lú lẹ́tà dókítà. Tí tramadol bá wà nínú oògùn ìrora rẹ̀, lẹ́tà náà di dandan. Bóyá orúnkún yẹn lè rìn wákàtí méjì tàbí mẹ́rin lójúmọ́, dókítà tó fọwọ́ kàn án ló lè sọ, kì í ṣe èmi. Ẹ má di kílíṣí, ẹran gbígbẹ tàbí wàrà dání láti ilé, wọ́n á gbà á. Ilé ìdáná àwọn ilé ọtí tí wọ́n ti ń jẹun ní ìlú kéékèèké máa ń tì lẹ́yìn ọ̀sán títí di ìrọ̀lẹ́, nítorí náà ẹ jẹun kí aago méjì tó lù.

Ó ku ti Bàbá tí kò fẹ́ kí a dárúkọ orúnkún. Iṣẹ́ ìrànlọ́wọ́ kan wà ní gbogbo ibùdókọ̀ ojú irin, Passenger Assist ni wọ́n ń pè é, kò gba kọ́bọ̀. Wọ́n á bá yín gbé ẹrù, wọ́n á mú yín gba ibi lífítì, wọ́n á jókòó yín sáàyè yín, ẹlòmíì á sì pàdé yín níbi tí ẹ ti ń sọ̀. Ó kéré tán, wákàtí méjì ṣáájú ni kí ẹ ti sọ fún wọn, lórí fóònù tàbí áàpù. Kí ọmọ yín fi orúkọ tiyín, Mà, sílẹ̀, kí ó sì kọ ọ́ pé ẹni méjì ni, ẹrù wọn wúwo. Wọn kì í béèrè lẹ́tà dókítà, wọn kì í sì í béèrè orúnkún ta ni.